Gílóòbù LED tí wọ́n ń tà dípò H4 àti H7: àyẹ̀wò fún ẹni tí iná iwájú mọ́tò rẹ̀ ń ṣe bàìbàì

Gílóòbù LED tó máa ń wà ní méjì-méjì nínú páálí, tí wọ́n kọ H4 tàbí H7 (orúkọ irú gílóòbù iná iwájú méjì) sí lára, ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ máa ń sáré rà bí iná iwájú mọ́tò wọn bá ti ń ṣe bàìbàì. Ẹni tó ń tà á á ní kò le rárá: ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ ki tuntun bọ ojú rẹ̀, ó parí. Ohun tí àwa rí nípa ọjà yìí ni pé ó ṣeé lò nínú irú iná kan, kò ṣeé lò nínú irú kejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà tó jẹ́ pé gílóòbù kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú rárá. Wáyà ni, tàbí lẹ́ǹsì, tàbí bí wọ́n ṣe dojú iná kọ títì. Àwọn tó bá fẹ́ ra LED kò gbọ́dọ̀ fo ìdajì kejì àyẹ̀wò yìí, torí ibẹ̀ ni owó tí wọn ò ní ná wà.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde

Nínú gílóòbù halogen, ìyẹn irú ti àtijọ́ tí LED ń rọ́pò, wáyà lílọ́ tín-ín-rín kan ló ń gbóná títí tó fi ń tàn. Fílámẹ́ǹtì là ń pè é. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 4 sí 6 lọ, iye tó sì fi jìnnà sí ìdí gílóòbù ní òdiwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Òdiwọ̀n yẹn ni àwọn tó ṣe iná mọ́tò tẹ̀ lé kí wọ́n tó tẹ abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, ìyẹn reflector. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá fi mílímítà kan péré sún síwájú tàbí sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó balẹ̀ sórí títì á gbéra, á sì máa gún ẹni tó ń bọ̀ lójú.

LED kò ní fílámẹ́ǹtì. Ẹyọ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀tún àti òsì sì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà jáde, kì í jáde yíká. Ohun tó ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára gbàǹjo nìyí: irin àárín náà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kó má ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ, kí ẹyọ LED náà sì gùn tó fílámẹ́ǹtì tó fẹ́ rọ́pò, láìgùn jù ú lọ. Ẹ lè wò ó fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ mú gílóòbù halogen àtijọ́ dání, ẹ tò ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ LED lórí tábìlì, kí etí irin tó máa ń jókòó sínú iná wà ní ìlà kan náà, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọn ibi tí àárín fílámẹ́ǹtì wà àti ibi tí àárín LED wà. Bí àwọn méjèèjì kò bá sí ní ọ̀gangan kan náà, ẹ dá a padà. Kò sí àtúnṣe tó lè gba irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ là.

Fún H4, ẹ wá ohun kan mọ́ ọn. Fílámẹ́ǹtì méjì ló wà nínú H4, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúùlù. Abẹ́ ti dímù ni ife irin kékeré kan wà, tó ń dínà ìmọ́lẹ̀ kó má baà kan apá ìsàlẹ̀ reflector. Ife yẹn ló ń fa ààlà tẹ́ ẹ máa ń rí lára ògiri, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti parí tí òkùnkùn sì bẹ̀rẹ̀. LED H4 tó bá yẹ ní láti ní irú ife bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹyọ LED dímù rẹ̀. Àwọn kan kò ní in rárá. Àwọn mìíràn ní in, àmọ́ ó tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé kò dí nǹkan kan. Ẹni tó bá lo irú èyí, fúùlù ló ń tàn fún gbogbo ayé kódà nígbà tó rò pé dímù lòun ń lò.

Bí ẹ bá sì ti fi sínú reflector, ẹyọ LED gbọ́dọ̀ kọjú sí aago mẹ́ta àti aago mẹ́sàn-án. Bó bá kọjú sí aago méjìlá àti aago mẹ́fà, ààlà ìmọ́lẹ̀ á fọ́, àmì dúdú á sì wà láàárín títì. Ọ̀pọ̀ páálí ló ní kọ́kọ́rọ́ Allen tíńtín nínú. Òun lẹ ó fi tú òrùka ìdí gílóòbù díẹ̀, kẹ́ ẹ yí i dé ibi tó yẹ, kẹ́ ẹ sì tún un dè. Èyí tí òrùka rẹ̀ kò ṣeé yí, ẹ má rà á fún reflector.

Nínú projector, ìyẹn iná tó ní dígí róbótó bí ojú ẹja níwájú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gé ìmọ́lẹ̀ kó tó dé ojú dígí, nítorí náà ààlà ìmọ́lẹ̀ á wà síbẹ̀ láìka irú gílóòbù tó wà lẹ́yìn sí. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ó ṣeé lò níbẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yẹ kó lágbára jù, lábẹ́ ààlà gan-an, ibi tó ń ta jìnnà, máa ń rọ̀ sí i bí LED kò bá jókòó dáadáa. Iwájú mọ́tò á funfun báláú, ọ̀nà jíjìn á sì ṣókùnkùn. Ojú èèyàn á gbà pé iná ti lágbára sí i, torí ohun tó wà nítòsí ń dán, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lẹni tó ń sáré lálẹ́ nílò láti rí.

Àwọn nọ́ńbà ara páálí

Òdiwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí fún H7 halogen jẹ́ nǹkan bíi lumen 1,500 (lumen la fi ń wọn iye ìmọ́lẹ̀). Ti H4 jẹ́ nǹkan bíi 1,000 fún dímù àti 1,650 fún fúùlù. Ẹ wá wo páálí LED tó kọ lumen 20,000 sára, tó sì ní wáàtì 25 lòun ń jẹ. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ lumen 800 fún wáàtì kan. Kò sí LED funfun kankan láyé yìí tó dé ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ irú irọ́ báyìí síta, a ò gbà á gbọ́ lórí ohun mìíràn tó kọ sára páálí kan náà.

Ohun tá a fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni ámúpù, ìyẹn iye iná tó ń ṣàn gba inú wáyà. Ẹ fi tẹ́sítà onínọ́ńbà sáàárín wáyà, kẹ́ ẹ tan gílóòbù, kẹ́ ẹ ka ámúpù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gílóòbù wáàtì 25 yẹ kó jẹ nǹkan bí ámúpù 1.9 bí iná bá wà ní fóòtì (volt) 13. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.9 tó sì já wálẹ̀ sí 1.2, ooru ló ti bò ó mọ́lẹ̀, ó ń dín agbára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Iná tó dán ní ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú kan kọ́ ni iná tẹ́ ẹ máa lò ní títì fún wákàtí méjì.

Ooru yìí náà ló fa ìṣòro fáànù. Ẹ̀yìn gílóòbù ni ooru LED ń gbà jáde, nítorí náà fáànù kékeré tàbí irin onílẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ máa ń wà ní ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ mọ́tò, ọmọrí rọ́bà tàbí ike tó ń bo ẹ̀yìn iná kì í ṣeé dé padà mọ́ nítorí irin yìí. Àwọn kan á sì jù ú nù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Eruku àti omi á gbabẹ̀ wọlé, ẹ̀yìn oṣù díẹ̀ ni reflector á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Bí ọmọrí kò bá dé, ẹ wá ọmọrí tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí kẹ́ ẹ yan gílóòbù tí ìdí rẹ̀ kúrú. Ẹ tún wò ó pé àyè wà lẹ́yìn fáànù. Bó bá fẹnu kan bátìrì tàbí irin bọ́dì, kò ní rí atẹ́gùn fà, kò sì ní pẹ́ kú.

Halogen máa ń gbóná sí iwájú, ooru yẹn ló sì máa ń gbẹ ìrì inú lẹ́ǹsì. LED kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tí ìrì díẹ̀ máa ń wà nínú iná rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á túbọ̀ máa pẹ́ kó tó gbẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi LED sí i.

Ní ti wáyà, mẹ́ta ló sábà máa ń yọjú. Mọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ gílóòbù á tan àmì pé gílóòbù ti kú, torí ó rí i pé ámúpù ti kéré jù. Òmíràn á máa ṣẹ́jú, torí àwọn mọ́tò kan kì í fún gílóòbù ní iná gbọọrọ, ńṣe ni wọ́n ń tàn án tí wọ́n sì ń pa á kíákíá-kíákíá lọ́nà tí ojú ò lè rí lára halogen. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní CAN decoder ló ń yanjú méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ so ó mọ́ irin, ẹ má jẹ́ kó fara kan wáyà, torí ó ń gbóná gan-an. Ẹ̀kẹta wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ Japan tó ń lo H4: ẹ́ẹ̀tì (wáyà òdì tí wọ́n dè mọ́ bọ́dì) ni bọ́tìnnì iná wọn ń gé tàbí so, kì í ṣe wáyà rere. LED tí wọn kò ṣe fún irú ìsowáyà yìí á kọ̀ láti tàn, tàbí kí dímù àti fúùlù jọ tàn pọ̀. Bí réédíò bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ṣíì-ṣíì nígbà tẹ́ ẹ bá tan iná, ẹ pa iná kẹ́ ẹ wò ó. Bí ariwo bá dáwọ́ dúró, gílóòbù náà ló fà á.

Nípa òfin, ẹ bèèrè níbi tẹ́ ẹ wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fọwọ́ sí gílóòbù LED nínú iná tí wọ́n ṣe fún halogen. Ní Jámánì, láti 2020 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àwọn LED kan, àmọ́ àwọn mọ́tò tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìyọ̀ǹda nìkan ló wà fún.

Kẹ́ ẹ tó ra gílóòbù, ẹ wọn fóòtì

Ibi tó ká wa lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ìmọ́lẹ̀ halogen kì í bá fóòtì dín kù lẹ́sẹẹsẹ. Ó máa ń já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí fóòtì bá dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìmọ́lẹ̀ á dín ní nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. LED ní ọpọlọ kékeré tó ń tọ́jú ámúpù rẹ̀, nítorí náà ó lè tàn dáadáa lórí fóòtì 11.5 tí halogen á ti máa ṣe bàìbàì. Ìdí gan-an nìyẹn tí LED fi máa ń dà bí àjídèwe lára mọ́tò àtijọ́. Wáyà tó ti dípẹtà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dípẹtà lọ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tan dímù, ẹ fi tẹ́sítà sí orí méjèèjì bátìrì, rere àti òdì. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí fóòtì 13.8 sí 14.4. Bó bá wà lábẹ́ 13.2, ẹ kọ́kọ́ yẹ alternator (ẹ̀rọ tó ń gbé iná sínú bátìrì), bẹ́líìtì rẹ̀ àti orí bátìrì wò, ẹ má tíì fọwọ́ kan iná. Bí bátìrì bá dára, ẹ lọ sí ẹ̀yìn gílóòbù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lára gílóòbù, kí iná sì máa tàn, kẹ́ ẹ ti abẹ́rẹ́ tẹ́sítà bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Bẹ́ ẹ bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ máa rí fóòtì tó pé pérépéré, á sì tàn yín jẹ, torí wáyà tó ti bàjẹ́ kì í fi àbùkù rẹ̀ hàn àfi bí ámúpù bá ń kọjá lára rẹ̀.

Ká ní ẹ rí 14.0 lórí bátìrì, ẹ sì rí 12.2 lẹ́yìn gílóòbù. Fóòtì 1.8 ti sọnù lójú ọ̀nà, ó sì ti kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ yín lọ. Láti mọ ibi tó ń sọnù sí, ẹ fi abẹ́rẹ́ pupa sórí bátìrì rere, ẹ fi dúdú sí wáyà rere ẹ̀yìn gílóòbù tó ń tàn. Ohun tẹ́ ẹ bá kà ni iye tó ń sọnù lápá rere. Kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dúdú sórí bátìrì òdì, ẹ fi pupa sí wáyà ẹ́ẹ̀tì gílóòbù. Èyí kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ bọ́dì, ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò títí irin á fi funfun, ẹ dè é padà, ẹ kun gíríísì lé e. Iṣẹ́ yìí nìkan ti jí ọ̀pọ̀ iná dìde.

Àmì tó ń sọ pé ẹ́ẹ̀tì ló ní ìṣòro lára H4 hàn gbangba: ẹ tan dímù, ẹ wo ojú iná, ẹ máa rí i pé fílámẹ́ǹtì méjèèjì ló ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Iná ń wá ọ̀nà àbáyọ gba inú fílámẹ́ǹtì kejì. Ẹ tún yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Bí ike rẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó dúdú, gílóòbù tí wáàtì rẹ̀ ti pọ̀ jù ló sábà máa ń fà á, irú 100/90 tí wọ́n ń fi dípò 60/55. Ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí oníseramíìkì, kẹ́ ẹ sì padà sí 60/55.

Lára mọ́tò àtijọ́ tó jẹ́ pé gbogbo ámúpù ń gba inú bọ́tìnnì iná kọjá, relay ni oògùn, ìyẹn bọ́tìnnì tí iná kékeré ń tẹ̀ kó lè gbé iná ńlá kọjá. Relay méjì lẹ nílò, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúùlù, oní-ámúpù 30 tàbí 40. Ẹsẹ̀ 30 á gba iná láti bátìrì gba inú fíùsì ámúpù 15, kí fíùsì náà sún mọ́ bátìrì dáadáa. Ẹsẹ̀ 87 á lọ sí gílóòbù méjèèjì. Wáyà tó ń lọ sí iná tẹ́lẹ̀ á wá sí ẹsẹ̀ 86, ẹsẹ̀ 85 á lọ sí ẹ́ẹ̀tì. (Ọkọ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń gé ẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ o, réwáyà tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún.) Ẹ lo wáyà mílímítà onígun mẹ́rin 2.5 (2.5 mm²), ẹ má lo èyí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iná kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó nípọn bákan náà. Gílóòbù H4 méjì lórí fúùlù ń jẹ nǹkan bí ámúpù 9. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, halogen lásán máa ń tàn débi pé ẹni tó fẹ́ ra LED á gbàgbé rẹ̀.

Halogen wo ló yẹ

Bí wáyà bá ti dára, gílóòbù halogen ojúlówó tó ní àmì E nínú òrùka (àmì ìfọwọ́sí) lára ìdí irin rẹ̀ la máa kọ́kọ́ dábàá. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, torí èyí tó ti pẹ́ máa ń dúdú nínú, kì í sì í tàn bíi ti tuntun. Èyí tí wọ́n kọ pé ó fi 100% tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ibi kan lórí títì ni iye yẹn wà fún, kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ sì kúrú, torí fílámẹ́ǹtì rẹ̀ ń gbóná ju ti gidi lọ. Ẹni tó ń tan iná tọ̀sán-tòru kó ra èyí tí wọ́n kọ Long Life sí. Halogen tí wọ́n kun búlúù kí ó lè jọ LED, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀dà búlúù yẹn ń dínà ìmọ́lẹ̀ ni.

Ẹ má fọwọ́ kan dígí gílóòbù. Epo ara ìka á jóná mọ́ ọn, ojú kan á gbóná ju ibi yòókù lọ, á sì bẹ́ láìtọ́jọ́. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ fi spírítì àti aṣọ mímọ́ nù ún. H7 ní etí kan tó gbọ́dọ̀ wọ ihò rẹ̀, kí wáyà ìdè sì hán pẹ́kẹ́. H4 ní etí mẹ́ta tí kò dọ́gba, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi ń wọlé. Bí iná kan bá dédé ga tàbí tẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ gílóòbù, ìjókòó gílóòbù ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò, ẹ má tíì yí súkúrù kankan.

Lẹ́ǹsì ike tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀ ju gílóòbù àtijọ́ lọ. Oòrùn ló jẹ àwọ̀ ààbò òde rẹ̀. Páálí àtúnṣe tó ní sáńpépà 800, 1000, 2000 àti 3000 nínú dára, bó bá ní ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dènà oòrùn. Ẹ ha á pẹ̀lú omi, láti orí èyí tó le dé orí èyí tó dẹ̀, kí ilà ti tẹ́lẹ̀ pòórá kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Páálí tó jẹ́ pólíìṣì nìkan, tàbí ọṣẹ ìfọyín tí àwọn èèyàn ń lò, kò ní bá yín pẹ́, torí kò sí ohun tó ń bo ike náà mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ inú ni àrùn wà, tí fàdákà reflector ti bó tàbí tó ti dúdú lókè gílóòbù, ẹ má fi aṣọ nù ún, ńṣe lẹ máa nu èyí tó kù dànù. Iná tuntun ló kù.

Dídojú iná kọ títì

Gílóòbù yòówù kẹ́ ẹ fi sí i, LED tàbí halogen, ẹ gbọ́dọ̀ dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, ẹ kó ẹrù kúrò nínú búùtù, kí ẹnì kan jókòó sí ìjókòó awakọ̀, kí epo wà nínú táǹkì dé nǹkan bí ìdajì. Bí mọ́tò bá ní róbótó tó ń gbé iná sókè-sódò lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ yí i sí 0. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú láti ibi táyà dé ẹsẹ̀ ògiri; bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ̀, òfo ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n.

Ẹ sún mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, ẹ wọn gíga àárín iná kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀, ẹ fi téèpù fa ìlà gbọọrọ kan sára ògiri ní gíga yẹn, kẹ́ ẹ sì fi téèpù ṣe ìlà òòró ní ọ̀gangan àárín iná kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá sún mọ́tò sẹ́yìn gbọọrọ títí gíláàsì iná á fi wà ní mítà 10 sí ògiri. Ẹ wo ara iná tàbí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún nọ́ńbà bíi 1.0% tàbí 1.3% tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán iná. 1.0% túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 relẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ní mítà 10, ààlà ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà lábẹ́ ìlà gbọọrọ. Bí ààyè yín kò bá ju mítà 5 lọ, ó di sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ fa ìlà kejì síbẹ̀.

Ẹ tan dímù, ẹ fi páálí dí iná kejì (ẹ má gbé e lé ojú lẹ́ǹsì ike fún ìgbà pípẹ́, ooru á bà á jẹ́). Súkúrù méjì ló wà lẹ́yìn iná: ọ̀kan ń gbé e sókè-sódò, ìkejì ń tì í sọ́tùn-ún-sósì. Ẹ yí ti òkè-ìsàlẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, ẹ kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè padà sórí ìlà, kí ike inú rẹ̀ má baà yọ̀ lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ. Ibi tí ààlà ti tẹ̀ kọ́rọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà òòró iná náà. Lára H4, dímù àti fúùlù jọ ń rìn pọ̀ ni, nítorí náà dímù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bí súkúrù bá ń yí tí iná kò mira, ike tó dì í mú ti já. Ẹ fọwọ́ ti iná náà, bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ tún ìdè rẹ̀ ṣe ná.

Mọ́tò oní-xenon tàbí LED ilé iṣẹ́ tó ń gbé iná fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan lára apá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń sọ fún un bí mọ́tò ṣe tẹ̀ sí. Bí irin rẹ̀ bá já, iná á kọjú sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má fi súkúrù gbé e. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ ayẹ̀kọ̀ǹpútà kọ́ ọ padà.

Fún ẹni tó ra ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti orílẹ̀-èdè tó ń rìn lápá òdìkejì títì, ọ̀rọ̀ kan wà tí súkúrù kò lè yanjú. Ní orílẹ̀-èdè tó ń rìn lápá ọ̀tún, ààlà dímù máa ń tẹ̀ gòkè sí ọ̀tún. Níbi tí wọ́n ti ń rìn lápá òsì, ó ń gòkè sí òsì. Bí iná ọkọ̀ bá jẹ́ ti apá òdìkejì, ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an ló ń tẹ̀ gòkè sí. Ẹ wo ara lẹ́ǹsì lábẹ́ àmì E: bí ọfà kan bá wà tó kọjú sí ọ̀tún ẹni tó dúró tó ń wo iná, ti ìrìn apá òsì ni, bí kò bá sí ọfà, ti apá ọ̀tún ni, ọfà olórí méjì ṣeé lò níbi méjèèjì. Fífi LED sínú iná tí ọfà rẹ̀ kò bá títì yín mu burú ju gbogbo ohun tá a ti sọ lọ. Ẹ wá iná tó bá apá ìrìn yín mu ná.

Ẹni tá a lè sọ fún pé kó rà á ni ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ní projector, tí wáyà rẹ̀ dára, tí òfin ibi tó wà kò sì lòdì sí i. Kó yan èyí tí irin rẹ̀ tín-ín-rín, tí òrùka rẹ̀ ṣeé yí, tí ámúpù rẹ̀ kò já wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju 6000K (kelvin, òdiwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) lọ. Fún H4 inú reflector, a ò dábàá rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fi í sínú tirẹ̀ kó gbé mọ́tò náà lọ síwájú ògiri ní alẹ́ yìí: bí ìmọ́lẹ̀ bá fọ́n sókè kọjá ìlà gbọọrọ, kó yí òrùka rẹ̀ sí aago mẹ́ta àti mẹ́sàn-án, kó tún un wò, bí kò bá yí padà, kó dá halogen 60/55 padà síbẹ̀ kó tó jáde sí títì.